Màámi, Àìná, àti ilé Ọbabìnrin létí òkun

Ọjọ́ tí mo bí ọmọbìnrin mi, ìwọ́ lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Agbẹ̀bí òyìnbó náà fi ìka méjì fà á gba orí rẹ̀ kọjá, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn ọmọ, ó ní kí n má mikàn. Nígbà tí mo pe Màámi ní Ìláròó, n kò tíì ròyìn dé ìdajì tí wọ́n fi dá mi dúró: "Àìná ni. Ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ kiri, ó ti mú tiẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àìná báyìí. Orúkọ yẹn náà ló ń gbé wa lọ sí erékùṣù Isle of Wight, ní gúúsù England, lóṣù Karùn-ún yìí, èmi, òun àti Màámi.

Osborne ni ilé tí à ń lọ, ní East Cowes. Ilé ìsinmi Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ Albert ni. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ bi mí pé kí ni mo fẹ́ wò nílé ọba òyìnbó tí mo fi ń tọ́jú owó láti oṣù Kìíní. Mo ní ọmọ ìlú ìyá mi kan ni mo fẹ́ lọ wò.

Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ orúkọ Sarah Forbes Bonetta. Kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Sarah, Àìná ni. Òkè-Ọ̀dàn, ní ilẹ̀ Yewa tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò nígbà náà, ni ogun Dàhómì ti mú un lọ́dún 1848. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n kó òun lọ sọ́dọ̀ Ọba Gẹ̀zò. Kò ju ọmọ bí ọdún márùn-ún lọ. Bí ọdún méjì ló fi wà lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń fi í pamọ́ de ọjọ́ tí wọn yóò fi ṣe ètùtù fún àwọn ọba tó ti wàjà. Ní 1850 ni Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi tó ń jẹ́ HMS Bonetta, dé ààfin Gẹ̀zò láti bá a sọ̀rọ̀ kó lè jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ náà, Gẹ̀zò sì ní kó mú un lọ fi ta Ọbabìnrin òyìnbó lọ́rẹ. Ọmọ èèyàn ni wọ́n fi ń tọrẹ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Forbes àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n fi ń pè é láti ọjọ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń ṣègbéyàwó ní Brighton, ní oṣù Kẹjọ 1862, orúkọ tó wà níwájú nínú ìwé ìgbéyàwó ni Ina. Ina Sarah Forbes Bonetta. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, ńṣe ni mo gbé fóònù kalẹ̀ tí mo lọ wo ọmọ mi níbi tó sùn sí.

Òkè-Ọ̀dàn ni wọ́n bí Màámi sí. Nígbà tí wọ́n dé sọ́dọ̀ wa lóṣù Kejì, mo sọ ìtàn yìí fún wọn lálẹ́ ọjọ́ kan ní kíṣíìnì. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Wọn kò dá mi lóhùn, wọ́n kàn ń bó o lọ, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí àwọn kan ti sọ pé ilà ojú ọmọ náà ló fi hàn pé ọmọ ilé ńlá ni. Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, níbi tí ilà tiwọn wà, èèpo ẹ̀gúsí kan sì lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n rí ilà. Wọn ò bèèrè ẹni tó kọ ọ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá a lè débẹ̀.

Àwọn èèyàn ti sọ fún mi pé tó bá jẹ́ tìtorí Sarah ni, Windsor ló yẹ kí n lọ, torí ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí Ọbabìnrin lóṣù Kọkànlá 1850, ó sì sún mọ́ London. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kódà, tó bá jẹ́ ibi tó gbé ni, Gillingham ní Kent ni, nílé ìdílé Schön, ajíhìnrere tí òun àti Àjàyí Crowther jọ wọkọ̀ lọ sí odò Ọya ní 1841. Tíréènì àdúgbò wa ní Abbey Wood, ní London, ń lọ síbẹ̀ tààrà. Ṣùgbọ́n Osborne ni mo mú, ìdí méjì ló sì wà.

Àkọ́kọ́ ni àwòrán rẹ̀. Lóṣù Kẹwàá 2020, English Heritage, àwọn tó ń tọ́jú ilé náà, gbé àwòrán Sarah kọ́ sí Osborne. Hannah Uzor ló fi ọ̀dà kùn ún, fọ́tò tí Camille Silvy yà á ní 1862 ló sì wò ṣe é. Aṣọ ìyàwó ló wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ rẹ̀bẹ̀tẹ̀ tó balẹ̀ yíká. Mo fẹ́ kí Àìná tèmi dúró níwájú rẹ̀. Níléèwé rẹ̀, tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn adúláwọ̀ ayé àtijọ́, ẹni tí wọ́n so ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n máa ń fi hàn wọ́n.

Èkejì ló mú mi lọ́kàn jù. Sarah fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ńlá ní Èkó, wọ́n sì bí Victoria lọ́dún 1863. Ọbabìnrin ló ṣe ìyá ìsàmì ọmọ náà, ó fi ife wúrà ránṣẹ́ sí i. Ní 1880, ikọ́ ẹ̀gbẹ mú Sarah, wọ́n gbé e lọ sí Funchal ní erékùṣù Madeira bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á ràn án lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ ló kú síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Victoria wà ní England nígbà náà, ó ń bọ̀ wá kí Ọbabìnrin ní Osborne, òwúrọ̀ ọjọ́ tó ń bọ̀ wá kí i gan-an ló gbọ́. Ọbabìnrin kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun rí Victoria Davies, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ láàárọ̀ pé ìyá òun ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Nílẹ̀ wa, ilé á ti kún. Ẹnì kan á mú un lápá, ẹnì kan á ní kó jókòó, wọ́n á bá a sunkún kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí, ta ló dì í mú nínú ilé náà? Èmi náà wà ní ìlú yìí nígbà tí bàbá mi lọ. Orí bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Osborne.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ìmúra, torí mo ti jìyà àìmúra rí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Màámi wá, mo mú wọn lọ sí ilé ńlá àtijọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Àwòrán ilé náà nìkan ni mo wò kí a tó lọ, n kò wo bí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ti jìnnà sílé tó. Òkè ni, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì dà sójú ọ̀nà. Màámi rìn dé ìdajì, wọ́n di igi kan mú, wọ́n ní kí àwa máa lọ. A kò lọ. Abẹ́ igi yẹn ni gbogbo wa jókòó sí tí a fi padà sílé. Láti ọjọ́ náà, ibi tí Màámi máa jókòó sí ni mo kọ́kọ́ ń wá kí n tó wá ohunkóhun mìíràn.

Ọ̀nà tó dé erékùṣù náà pọ̀. Ẹ lè gba Portsmouth, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń sáré lọ sí Ryde, kẹ́ ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀. Ẹ sì lè gba Southampton. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ níbí: oríṣi ọkọ̀ méjì ló wà ní Southampton. Èyí tó yá dáadáa, Cowes ní ìwọ̀ oòrùn ló ń já èèyàn sí. Osborne sì wà ní East Cowes, odò Medina ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ óò tún wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń fi ẹ̀wọ̀n irin fa ara rẹ̀ sọdá odò náà. Fún ọ̀dọ́, ìgbádùn ni. Fún ìyá arúgbó tí eékún ń dùn, ìdìde àti ìjókòó ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò sọdá ni mo mú. Ó máa ń tó bíi wákàtí kan lójú omi, ó sì ń já sí East Cowes gan-an. Àga tìmùtìmù wà nínú rẹ̀, tíì wà, Màámi á sì rí òkun láti ojú fèrèsé. Bọ́ọ̀sì láti èbúté dé ẹnu ọ̀nà Osborne kò pẹ́ rárá.

Nígbà òtútù, wọn kì í ṣílẹ̀kùn lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú, ó máa ń dínwó. Ẹ sì bèèrè nípa àwòrán Sarah kẹ́ ẹ tó jáde nílé, torí àwòrán kì í dúró sójú kan. Wọ́n máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á tún gbé e lọ síbòmíràn. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dáhùn ni mo máa mú ọjọ́ gan-an.

Nípa ilé náà fúnra rẹ̀: 1845 ni Victoria àti Albert ra ilẹ̀ náà. Wọ́n wó ilé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Albert àti Thomas Cubitt, ọ̀gá kọ́lékọ́lé London, sì kọ́ tuntun bíi ti àwọn ará Ítálì, tòun ti ilé ìṣọ́ méjì. Albert ní omi Solent tó wà níwájú ilé náà jọ ti Naples lójú òun. Ibẹ̀ ni Ọbabìnrin kú sí ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kìíní 1901, ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ, ó fi í jin orílẹ̀-èdè. Nígbà tí mo kà á fún Màámi pé nígbà tí Ọbabìnrin dàgbà tí ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, wọ́n ṣe lífítì sínú ilé fún un, Màámi ní, "Ẹ ò rí i, eékún ò mọ ọba."

Gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Durbar, tí Bhai Ram Singh láti Íńdíà ṣe ọnà sí ní 1890 sí 1891. Gbogbo àjà rẹ̀ funfun, ọnà wínníwínní ló bò ó, ẹyẹ ọ̀kín kan sì wà lókè ibi ìdáná tó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wákàtí kí wọ́n tó parí rẹ̀. Mo fẹ́ kí a pẹ́ níbẹ̀. Àwọn yàrá tó kún fún àwo àti ère, a máa gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ibi tí Àìná ń dààmú mi lé lórí ni Swiss Cottage, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ Ọbabìnrin ní 1853 sí 1854. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n, oníkálukú ló ní ilẹ̀ tirẹ̀ tó ń ro, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti bàrò kékeré tí wọ́n kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí. Wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, Albert á sì rà á lọ́wọ́ wọn ní iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Màámi fẹ́ràn èyí púpọ̀. Bàbá wọn náà gé ebè fún wọn ní Òkè-Ọ̀dàn nígbà tí wọ́n wà bíi ti Àìná, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wú níbẹ̀, tiwọn ni. Ibẹ̀ jìnnà díẹ̀ sílé ńlá, nítorí náà Àìná àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń bọ̀ láti Southampton wá bá wa, ni yóò jọ rìn ín. Wọ́n lè dé etíkun tó wà nísàlẹ̀, níbi tí Ọbabìnrin ti kọ́kọ́ wẹ̀ nínú òkun láyé rẹ̀ ní 1847. Èmi àti Màámi á jókòó sí iwájú ilé, níbi tí òdòdó wà, a ó máa wo omi.

Oúnjẹ, ìrẹsì ọbẹ̀ ata nínú kúlà kékeré, mọ́ínmọ́ín eléwé, omi gbígbóná nínú fúláàsì. Súwẹ́tà méjì fún Màámi, oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ òkun kò gbẹ́bẹ̀.

Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Màámi ti yọ ìró àti bùbá àdìrẹ ẹlẹ́kọ wọn jáde nínú àpótí. Ó wà lórí irin àtẹ̀gùn wa báyìí, ó ń gbafẹ́fẹ́. Mo ní ṣé èyí kò fúyẹ́ jù. Wọ́n ní tí Àìná ará Òkè-Ọ̀dàn bá rí wọn, kó lè mọ̀ pé ilé ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní àwọn máa kì í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àwọn òyìnbó má baà rò pé ìjà dé.

Àìná tèmi gbọ́, ó sáré wọlé. "Màmá àgbà, tí ẹ bá pe Àìná níbẹ̀, èwo nínú wa ló máa dáhùn?"

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni Màámi wí. Wọ́n wá yíjú sí mi pé kí n tún bá wọn wò ó dáadáa, bóyá ilé ìtọ̀ wà nínú ọkọ̀ ojú omi náà. Ó wà. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì.