Wọ́n ní òyìnbó ló ba ikùn mi jẹ́

Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá tún bi mí, torí àlàyé yìí ti sú mi. Tí mo bá ti dé Sùúrùlérè báyìí tí mo ní mi ò jẹ búrẹ́dì, gbogbo ilé á dìde sí mi, "Ṣebí búrẹ́dì Agége la fi tọ́ ẹ dàgbà, báwo ló ṣe jẹ́ pé London lo dé kí inú ẹ tó mọ̀ pé òun ò fẹ́ búrẹ́dì?" Àǹtí mi àgbà tiẹ̀ ti dá ẹjọ́ ẹ̀ tán, wọ́n ní oúnjẹ òyìnbó ló sọ mí di ẹlẹ́gẹ́, tí mi ò bá lọ mi ò ní rí irú ẹ̀.

Coeliac lorúkọ àìsàn tí kò jẹ́ kí n jẹ búrẹ́dì. Gluten jẹ́ èròjà kan tó wà nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà búrẹ́dì, nínú ọkà báálì àti ọkà òyìnbó kan tó ń jẹ́ rye, òun ló ń jẹ́ kí fúláwà tí wọ́n pò máa fà bíi ṣingọ́ọ̀mù. Tí gluten bá wọ ìfun ẹni tó ní coeliac, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà á kọjú sí ìfun fúnra ẹ̀, wọ́n á máa ba ibi tí oúnjẹ ti ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, èèyàn á máa jẹun ṣùgbọ́n oúnjẹ ò ní dé ara. Ní UK wọ́n ní ó tó ẹnì kan nínú 100 tó ní in, ọ̀pọ̀ wọn ni ò sì mọ̀. Ó sì máa ń rìn nínú ìdílé o! Torí náà Àǹtí mi, tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó fún mi, ilé yìí náà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi òyìnbó sílẹ̀.

Ẹ tún rántí bí mo ṣe wà nígbà tí mo wà ní kékeré. Inú mi ń wú, ó ń rẹ̀ mí ṣáá, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó, lónìí ibà, lọ́la taifọ́ọ̀dù, ìyókù jẹ̀díjẹ̀dí torí wọ́n ní mo fẹ́ràn ṣúgà jù. Mélòó mélòó ni agbo jẹ̀díjẹ̀dí tí mo mu nínú ilé yẹn, àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀wẹ̀ búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n á tún gbé fún mi.

Ibi tó ń rú gbogbo wọn lójú nìyí: nígbà tí mò ń jẹ gluten lójoojúmọ́, mi ò kì í bì. Indomie, meat pie, buns, mo ń jẹ gbogbo ẹ̀, inú á kàn wú ni. Àfi ìgbà tí mo jáwọ́ tí ara mi wá yá, àkàrà tí wọ́n fi òróró puff-puff dín ní Ojúẹlẹ́gba ló dá mi dùbúlẹ̀, wákàtí díẹ̀ péré ni mo ti ń bì bí ẹni tó jẹ májèlé, orí ń fọ́ mi, mi ò lè dìde. Wọ́n wá ní ẹ ò rí i, jíjáwọ́ yẹn gan-an ló bà á jẹ́.

Rárá o. Kì í ṣe pé ìfun mi wá ń bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tẹ́lẹ̀ gan-an ló ń bàjẹ́ jù, mi ò kàn mọ ohun tí ara líle ń jẹ́ tí mo fi máa mọ̀ pé ara mi ò le. Ẹni tó ń ṣàìsàn lójoojúmọ́, báwo ló ṣe máa mọ ọjọ́ tí àìsàn dé? Ara náà sì kì í gbàgbé. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti jáwọ́ nínú gluten wò, tí wọ́n bá tún jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, láàárín wákàtí díẹ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ interleukin-2, tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń ké sí ara wọn, á ti ròkè nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ìgbà yẹn náà ni èébì ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò tiẹ̀ jẹ́ tuntun. Nígbà ìyàn tó mú ní Netherlands ní 1944 sí 1945, búrẹ́dì ò sí, àwọn ọmọ tó ní coeliac wá ń sàn, nígbà tí búrẹ́dì padà dé ni àìsàn padà dé, dókítà kan tó ń jẹ́ Willem Dicke ló tọpasẹ̀ ẹ̀ dé orí àlìkámà.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Èkó gan-an ló rọ̀ mí lọ́rùn ju London lọ. Èbà, àmàlà, iyán, ọ̀fadà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, kò sí gluten kankan níbẹ̀. Lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó lè kọ "gluten-free" sára oúnjẹ, ohun tó wà nínú kílò kan ò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ, owó búrẹ́dì kékeré bẹ́ẹ̀ sì lè mú ẹ kígbe. Ní Èkó, ọwọ́ àti òróró ni kí n máa ṣọ́. Ìyá ẹlẹ́wà agànyìn á fọwọ́ ya búrẹ́dì fún oníbàárà, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n á fi bu tèmi. Sẹ́mò náà àlìkámà ni, ẹ má tàn mí. Tá a bá sì dé òwàmbẹ̀, tí mo ní mi ò mu malt, wọ́n á ní mo ti gbéra ga, wọn ò mọ̀ pé ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Omi ni kẹ́ ẹ fún mi jàre.

Àbúrò mi kan ní Yábàá gbọ́ gbogbo èyí, inú tiẹ̀ náà ń wú, ó ní òun máa jáwọ́ nínú búrẹ́dì láti ọ̀la lọ. Mo ní kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Tí wọ́n bá ń yẹ èèyàn wò fún coeliac, ohun tí ara fi ń bá gluten jà ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, téèyàn bá ti jáwọ́ ó lè lọ sílẹ̀, àyẹ̀wò á ní kò sí nǹkan kan. Ìlànà àwọn dókítà UK ni pé kéèyàn ti máa jẹ gluten ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò. Tó bá jáwọ́, tára ẹ̀ yá, tí wọ́n wá ní kó padà sídìí ẹ̀ torí àyẹ̀wò, irú ohun tójú mi rí l'Ójúẹlẹ́gba lojú ẹ̀ lè rí. Mo ní kó lọ rí àwọn dókítà ikùn ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà. Ó ní ṣé kóun máa jẹ búrẹ́dì lọ nìyẹn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó fi ẹ̀wà agànyìn sí i, èmi ni màá sanwó ẹ̀ títí wọ́n á fi fa ẹ̀jẹ̀, kó ṣáà má jẹ ẹ́ lójú mi.