Ẹ Má Gba Mouse Lọ́wọ́ Wọn

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ran àwọn olùkọ́ yunifásítì lọ́wọ́ lórí ìkọ́ni àti lílo kọ̀ǹpútà. Nígbà tí a wọlé padà lọ́dún 2021, lẹ́yìn Kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì ASUU, a kó olùkọ́ bí 60 jọ sínú gbọ̀ngàn kan, mo sì fi wákàtí mẹ́ta ṣàlàyé Moodle fún wọn, ìyẹn ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ ń gbé ẹ̀kọ́ àti ìdánwò sí fún àwọn ọmọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ mítípáì, wọ́n lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni mẹ́ta péré ló tún wọlé síbẹ̀.

Màmá kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ló là mí lójú. Wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, sáré wá." Mo bá wọn nídìí ìwé ìdánwò tó lé ní 300, bírò pupa lọ́wọ́. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù Moodle mi, wọ́n ní, "Yé e, ojú ń dùn mí." Ni mo bá dákẹ́, mo béèrè èyí tó ń jẹ àkókò wọn jù. Wọ́n nawọ́ sí àwọn ìbéèrè objective. Ìyẹn rọrùn: Moodle máa ń sàmì irú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo gba mouse, mo tẹ̀ ẹ́ fìrìfìrì, mo ṣe é tán. Wọ́n ṣàdúrà fún mi dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún pè: wọn kò mọ ibi tí mo gbà. Nígbà tí mo padà lọ, mo fi ọwọ́ méjèèjì há abíyá, ẹnu nìkan ni mo ń lò. Ó tó wákàtí kan kí ìbéèrè kan ṣoṣo tó jáde, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yawèrè.

Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló rí àpótí kékeré tó wà lábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. "Ṣé mo lè sọ fún ẹni tó yan èyí tí kò tọ̀nà ìdí tó fi kùnà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọdọọdún, wọ́n ní, làwọn ọmọ máa ń sọ pé phloem, ọ̀kan lára àwọn iṣan inú igi, ló ń gbé omi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: "Oúnjẹ ni phloem ń gbé. Xylem ló ń gbé omi. Padà lọ wo àwòrán igi tí a yà ní kíláàsì." Láti ọjọ́ yẹn, a kì í sọ̀rọ̀ Moodle mọ́, ohun tó ń rú àwọn ọmọ lójú là ń sọ.

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀, kì í ṣe níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́. Kí ẹ tó dárúkọ Zoom fún kíkọ́ni lórí fídíò, ẹ rántí pé èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ máa ń parí ní ìṣẹ́jú 40, dátà àwọn ọmọ sì lè tán ṣáájú ìyẹn. Ohùn tí olùkọ́ gbà sílẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tó fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́.

Màmá ti fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè tó lé ní 200 tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó gba kọ́ọ̀sì náà ń fi tirẹ̀ kún un.