Tíṣà adelé tó fẹ́ dárà nínú kíláàsì

Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ máa ń dán tíṣà adelé wò. Bó bá wọlé bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà, wọ́n á fojú di í. Bó bá fi igbe wọlé, wọ́n á dákẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọkàn wọn á ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ló dáa jù: ohun kan ṣoṣo tí wọn kò rí rí ni kó ṣe, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ẹni tó bá tún àga tò, tí kò pe orúkọ nínú rẹ́jísítà, tó tún ń fi orin kọ́ ìṣirò, rúdurùdu ló dá sílẹ̀, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í tètè balẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, pe orúkọ. Jẹ́ kí kálukú jókòó síbi tó ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Kọ àkókò tí iṣẹ́ máa parí sí igun bọ́ọ̀dù. Ìgbà náà ni kó o tó dárà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àpótí tí a dé pa. Gbé e sórí tábìlì, má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n fi ìbéèrè wá ohun tó wà nínú rẹ̀, kó o sì sọ òfin rẹ̀: ìbéèrè 20 péré, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" sì ni èsì. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò: "Ṣé bíírò ni? Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni?" Ohun kan péré ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń yọ kúrò. Fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ nǹkan títí wọ́n á fi béèrè mẹ́wàá. Ìgbà yẹn ni wàá gbọ́ "Ṣé ó ní ẹ̀mí?" àti "Ṣé irin wà lára rẹ̀?" Ìbéèrè tó dáa máa ń pín ohun tó ṣẹ́ kù sí méjì ọgbọọgba. Bí gbogbo ogún bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ṣa ẹyọ kan jáde láàárín 1,048,576. Má sọ iye yìí fún wọn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kí wọ́n máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 20 lórí bọ́ọ̀dù.

Dídákẹ́ náà jẹ́ àrà. Mary Budd Rowe, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, kíyè sí i ní àwọn ọdún 1970 pé bí tíṣà bá béèrè nǹkan, kì í sábà dúró ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó tún sọ̀rọ̀. Bó bá dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, èsì àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í dáhùn náà á dá sí i. Kà á nínú ọkàn rẹ, má sì tẹjú mọ́ ọmọ kan ṣoṣo, torí ìyà ló máa dà lójú rẹ̀.

Àṣìṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe léwu díẹ̀. Sọ fún wọn ṣáájú pé o mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe mẹ́ta sínú ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n lè wá wọn rí, kọ wọ́n sínú bébà, ká a, kí olórí kíláàsì mú un dání. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣí i. Bí aago bá lù kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé irọ́ relé bí ẹ̀kọ́, ìwọ kò sì ní sí níbẹ̀ lọ́la láti tún un ṣe.

Má fi ìdánwò tí kò sí dẹ́rù bà wọ́n, má sì fi tíṣà tí kò wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kọ ìwé sílẹ̀ fún un: ojú ìwé tí ẹ dé, iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù, ọmọ tí ẹ̀kọ́ náà kò yé, àti ohun tó wà nínú àpótí, torí òun ni wọ́n máa bi.