Ọgbọ̀n ègé bébà, ọ̀kan ya sọ́wọ́ òsì

Òní Sátidé, mi ò jáde. Àtàárọ̀ ni mo ti sọ fún ara mi pé tí mo bá ti fọ aṣọ tán, ìdí tábìlì ni mo ń lọ, bébà ni mo máa ká di oríṣiríṣi nǹkan títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹni tó bá pè mí kó fi mẹ́sééjì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, àfi pé aṣọ ò tán o, mo kó èyí tó kù sínú omi, mo ní kí wọ́n ṣì máa rin níbẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Bébà A4 tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ni mo máa ń lò jù, kì í ṣe bébà aláràbarà tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí. A4 sì rèé, ó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, 210 mìlímítà sí 297, bẹ́ẹ̀ èyí tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ bá ara wọn dọ́gba lèèyàn ń wá. Ni mo ṣe máa ń ṣẹ́ igun kan wálẹ̀ títí etí òkè á fi bá etí ẹ̀gbẹ́ mu, màá wá gé ìyókù kúrò. Ìyókù yẹn, 87 mìlímítà ló fẹ̀, ẹlòmíì á jù ú nù. Èmi ò lè ju bébà nù, àìsàn ni, gbogbo ará ilé wa ló mọ̀. Páálí bàtà kan ló wà tí mo ń kó wọn sí. Lánàá mo kà wọ́n, wọ́n pé 15, mo wá ṣírò ẹ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan á fún mi ní ègé kékeré méjì tó dọ́gba, ó sì di 30. Orí mi wú! Torí ọgbọ̀n gan-an ni bọ́ọ̀lù Sonobe ń gbà.

Ẹni tí ò bá mọ Sonobe: ègé bébà kan ni o, èèyàn á ká a síbí á ká a sọ́hùn-ún, á wá dà bí àpò pẹlẹbẹ tó ní ahọ́n méjì àti ẹnu méjì. Ahọ́n tèyí á wọ ẹnu tìyẹn. Tí mẹ́ta bá ti wọ ara wọn, wọ́n á yọ ṣóńṣó. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí òwú, kò sí téèpù, ara wọn ni wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ẹ mú 6, ó di àpótí kékeré tó dọ́gba lójú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ mú 12, ó ti ń dà bí ìràwọ̀. Ẹ mú 30, bọ́ọ̀lù ni, ogún ṣóńṣó ló máa wà lára ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà ni pé ṣóńṣó márùn-ún ló gbọ́dọ̀ yí ojúkò kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ wọn ti pàdé ká. Tó o bá fi mẹ́rin síbì kan, bọ́ọ̀lù á sún kì, tó bá sì jẹ́ mẹ́fà, á kàn máa fẹjú lọ ni, kò ní pa dé láéláé. Mo ti ṣe méjèèjì rí. Mẹ́fà ló dùn mí jù.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù ṣá, mo kọ́kọ́ tú ẹyẹ àná palẹ̀. Bébà kẹẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ṣe é, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tí àwọn ará Japan fẹ́ràn jù yẹn, ọrùn ẹ̀ wọ́, ìyẹ́ kan ga ju èkejì lọ, ó dúró bí ẹni tí etí ń ro. Mi ò bínú sí i. Mo kàn tú u díẹ̀díẹ̀ títí ó fi padà di bébà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo wá ń wo gbogbo ìlà tó wà lára ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ká bébà, ṣé ẹ ti ṣe èyí rí? Ó dùn ju ẹyẹ gan-an lọ. Àwọn ìlà kan yọ sókè sí ẹ, òkè la máa ń pè wọ́n, àwọn kan wọnú lọ, ìyẹn àfonífojì. Mo wá àárín gbùngbùn, mo yọ àwọn ìlà tí mo kàn ṣẹ́ lásán kúrò, mo ka ìyókù: òkè 4, àfonífojì 2. Bó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn, torí ọ̀gbẹ́ni kan, Jun Maekawa, ló fi hàn pé níbikíbi tí ìlà bá ti pàdé láàárín bébà tó sì ká pẹlẹbẹ, ìyàtọ̀ òkè àti àfonífojì ò lè jẹ́ ohun mìíì ju 2 lọ. Ẹ lọ kà á wò. Èmi kọ́kọ́ rò pé irọ́ ni, mo ka bíi bébà mẹ́wàá kí n tó gbà.

Ìṣirò pé, ìlà ló yẹ̀. Ìlà tí mo kọ́kọ́ fà láti igun dé igun, kò dé orí igun gan-an, kò tó mìlímítà kan, bóyá ìdajì. Gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló kó àṣìṣe yẹn sẹ́yìn tó ń gbé e kiri, títí ó fi dé ọrùn. Kò sì sí bí mo ṣe lè tún un fà kí ti àkọ́kọ́ pa rẹ́, torí níbi téèyàn bá ti ṣẹ́ bébà, àwọn fọ́nrán tín-ín-tín inú ẹ̀ ti ṣẹ́ nìyẹn, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí, á ṣì wà ńbẹ̀.

Mo máa ń ronú nípa Akira Yoshizawa nírú àsìkò yìí. Bàbá yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà oníṣẹ́ṣẹ́ àti ọfà yàwòrán bí wọ́n ṣe ń ká nǹkan, òun la fi ń ríran lónìí, torí mi ò gbọ́ èdè Japan rárá bẹ́ẹ̀ mo lè ká ohun tí ọmọ Japan bá yà. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń fi bébà kíká kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní jọ́mẹ́tírì, nígbà tó di 1937 ó fiṣẹ́ sílẹ̀ kó lè máa ká bébà nìkan. Òṣì bá a jà o, ó kiri ọjà láti ojúlé dé ojúlé. Òun náà ló mú kí wọ́n máa fi omi rẹ bébà díẹ̀ kí ara ẹran tí wọ́n ń ṣe lè yọ roboto, kó má kàn jẹ́ igun igun. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta 1911 ni wọ́n bí i, 14 oṣù kẹta 2005 ló kú, ọjọ́ ìbí ẹ̀ gan-an. Kódà ikú ẹ̀ ká dọ́gba.

Ó dáa, bọ́ọ̀lù. Ẹyọ àkọ́kọ́ gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa dé ìkẹwàá, ọwọ́ ti mọ ọ̀nà, mi ò wo nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yìn ṣíbí ni mo fi ń tẹ ìlà, ó máa ń mú bí ìlà ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó tì mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé kì í sú yín ni?" Mo fún un ní bébà kan, mo ní kó ká a sí méjì, kó tún ká a sí méjì, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó dé ìkẹfà, ó ń làágùn, ó ní bébà náà ti bàjẹ́. Mo sọ fún un pé lọ́dún 2002 ọmọ iléèwé kan ní Kalifọ́níà, Britney Gallivan, ká bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gígùn gbọọrọ nígbà 12, ìpele 4,096 nìyẹn. Ó wò mí, ó dìde, ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní kó padà wá jókòó o jàre!

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò ṣe ọkọ̀ tàbí ilé onípáálí bíi tàtijọ́. Mo ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n tìyẹn gba sùúrù mìíì, èèyàn á fi bírò tí yíǹkì ẹ̀ ti gbẹ fa ìlà kó tó ṣẹ́ ẹ, á fi máàkà kun etí tó gé kí funfun má máa yọ, á di apá kan mú títí gọ́ọ̀mù á fi mú, imú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un nígbà yẹn gan-an. Bébà kíká ò ní wàhálà imú.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. 29 ti wọlé, bọ́ọ̀lù ti ń le lọ́wọ́, ojú kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀. Mo ti ahọ́n kan wọlé. Mo wá ẹnu fún èkejì, kò sẹ́nu níbẹ̀. Mo yí i, kò sí. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti wà lára bọ́ọ̀lù láti fi wé wọn, kó tó wá yé mi: èmi ni mo dojú ẹ̀ kọ òdì kejì, ó ya sọ́wọ́ òsì bí bàtà ẹsẹ̀ òsì láàárín ti ọ̀tún. Mo rántí ìgbà tó ṣẹlẹ̀, mo ń gbọ́ fóònù lọ́wọ́ nígbà náà. Ẹni tí mo ní kó fi mẹ́sééjì sílẹ̀, mo tún gbé e.

Mo lè gé ègé tuntun látinú A4 mìíì, ìṣẹ́jú kan ni, ṣùgbọ́n mo kọ̀. 15 ló wà nínú páálí, 30 ni wọ́n bí, mi ò ní fi àlejò kún un. Mo tú ọlọ́wọ́ òsì palẹ̀, mo tún un ká sápá ọ̀tún, mo fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí, àwọn ìlà àkọ́kọ́ sì hàn gbangba lójú ẹ̀ bí àpá. Mo tì í, ó wọlé. Bọ́ọ̀lù dúró.

Ọmọ yẹn gbà á lọ́wọ́ mi, ó jù ú sókè, mo pariwo, ó sì hán an. Kò tú. Ó wá ń yí i lọ yí i bọ̀ lábẹ́ iná, ó ní, "Àǹtí, èyí tó lápá yẹn rèé," ó gbé e sójú fèrèsé, ojú ibẹ̀ ló kọ sí wa.

Aṣọ ṣì wà nínú omi o.