Kí A Kọ Ìwọ̀n Ìtànṣán Aláìsàn Sílẹ̀

Níbi tí mo ti ń ya ẹ́síréè ní Ìkòròdú, àwọn aláìsàn kì í yéé bi wá bóyá ìtànṣán yìí kò ní pa wọ́n lára. Èsì tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fún wọn ni pé kò pọ̀. Òótọ́ ni, ní ti ẹ́síréè àyà: nǹkan bí 0.02 millisievert (òṣùwọ̀n tí a fi ń ṣírò ipa ìtànṣán lórí ara) ni, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti ojú ọ̀run ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 2.4 millisievert lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba káàkiri àgbáyé. Ṣùgbọ́n "kò pọ̀" kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹni tó ra oògùn ń rí mílígíráàmù rẹ̀ lára páálí, àmọ́ ẹni tó ya ẹ́síréè ń gba àwòrán àti èsì lọ sílé láìsí ohun tó sọ iye ìtànṣán tó wọ̀ ọ́ lára.

Àwọn ẹ̀rọ kan ní mítà pẹlẹbẹ kan lẹ́nu ibi tí ìtànṣán ti ń jáde, tó ń ka ìtànṣán náà pọ̀ mọ́ fífẹ̀ ojú ibi tó bà. Níbi tí kò bá sí mítà, ìṣirò ń bẹ. Ká ní onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ti wọn ẹ̀rọ wa, ó sì rí i pé ní 80 kV (agbára iná tí a fi ń ya àwòrán), ní mítà kan sí túùbù tí ìtànṣán ti ń jáde, ìtànṣán tó ń jáde fún mAs kọ̀ọ̀kan (iye iná tó gba inú túùbù kọjá lásìkò yíyà) jẹ́ 50 microgray. Gray ni òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ nǹkan; ẹgbẹ̀rún kan microgray ló wà nínú milligray kan. Ìyá àgbà kan wá láti Ìta Ẹlẹ́wà, ìbàdí ń dùn wọ́n, a sì fi 60 mAs ya egungun ẹ̀yìn wọn. Ìyẹn fún wa ní 3 milligray ní mítà kan. Ṣùgbọ́n awọ ara ìyá kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, 75 sẹ̀ǹtímítà ni, ìtànṣán sì máa ń lágbára sí i bí a bá ṣe ń sún mọ́ túùbù. Nítorí náà a ó fi 0.75 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a ó sì fi èsì rẹ̀ pín 3, yóò di 5.3. A ó wá fi 1.35 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí ìtànṣán tó kọlu ara tó tún ta padà sí awọ. Èyí jẹ́ nǹkan bí 7.2 milligray lójú awọ. Fóònù tó wà lápò wa lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tó gba ìṣọ́ra ni 50 tí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí túùbù ń gbó, iná wa sì ń lọ sókè sódò. A gbọ́dọ̀ máa tún un wọ̀n.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni ti ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà. Nígbà tí fíìmù ni a ń lò, ìtànṣán àpọ̀jù máa ń tú ara rẹ̀ fó: fíìmù á dú, dókítà kò ní lè kà á. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ máa ń tún àwòrán ṣe, débi pé bí ìtànṣán bá tilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, àwòrán á ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Bó bá kéré jù ni àwòrán máa ń rí wínníwínní, tí wọ́n á ní ká tún un yà. Ẹni tí kò fẹ́ tún iṣẹ́ ṣe á wá máa fi díẹ̀ kún un, díẹ̀ kún un, inú dókítà á dùn sí àwòrán, aláìsàn kò sì ní mọ̀. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ta ni yóò rí i?

Láti 1996 ni ICRP, àjọ àgbáyé tó ń dámọ̀ràn lórí ààbò ìtànṣán, ti dá ìlànà òṣùwọ̀n ìfiwéra sílẹ̀, ìyẹn iye ìtànṣán tí a kò retí pé kí irú àyẹ̀wò kan máa kọjá: kí a kó iye tí àwọn aláìsàn tí ara wọn mọ níwọ̀n ń gbà jọ, kí a mú èyí tó wà láàárín, kí a sì fi wé òṣùwọ̀n náà. Bí tiwa bá ń ga jù, kí a wádìí ìdí rẹ̀. Kì í ṣe òfin fún ẹnì kan ṣoṣo, nítorí ẹni tó sanra nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

kV, mAs, jíjìn awọ sí túùbù àti bí aláìsàn ṣe wúwo tó nìkan ni ìwé àkọsílẹ̀ nílò. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilé ẹ́síréè Ìkòròdú, torí ara wọn kò le tó ti àgbà, ọdún tó sì wà níwájú wọn pọ̀.