Ó pupa, kò tíì pọ́n

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá wa ní kí ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 11 tó ti Èkó wá lo ìsinmi, bá wa ká kòkó lóko wa lọ́nà Ìkẹ́rẹ́.

"Èyí tó bá ti pọ́n nìkan ni kí o ká o."

"Ó ti yé mi, bàbá àgbà."

Ká tó yíjú padà, ó ti kó 14 jọ sídìí igi. Gbogbo wọn pupa bí ata rodo. Ẹyọ kan kò pọ́n nínú wọn.

Oríṣi kòkó méjì ló wà lóko náà. Ti àtijọ́ á tutù bí ewé, tó bá gbó tán, á wá pọ́n rúsúrúsú. Ṣùgbọ́n àwọn tí bàbá wa gbìn sápá odò, pupa ni wọ́n máa ń so láti kékeré. Ìgbà tí pupa yẹn bá ń ṣí, tó ń fara jọ ọsàn, la tó ń sọ pé wọ́n pọ́n. Bàbá fi ẹ̀yìn àdá fọ́ ọ̀kan: kóró inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ èèpo pinpin, omi dídùn tí ọmọdé ń lá kò sí níbẹ̀. Bo irú ẹ̀ mọ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí, kò ní kan dáadáa.

"Bàbá àgbà, wọ́n ṣáà pupa!"

"Wọ́n pupa. Kí ló kàn mí nínú pupa?"

Ọmọ yìí kọ́ ló jẹ̀bi. Epo, pupa. Inú ẹyin, pupa. Ilẹ̀ tó ń ba ìbọ̀sẹ̀ jẹ́, pupa. Èmi náà, Pupa ni wọ́n ń pè mí lọ́jà, ara mi ò sì jọ epo. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ ní "àwọ̀ ìyeyè" ni yẹ́lò. Kò burú, ṣùgbọ́n ìyá tí mò ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣé dúdú lẹ fẹ́ ni àbí èyí tó pọ́n?" ni tiẹ̀. Dúdú ọ̀hún sì rèé, bí ewé ló rí! Kò sẹ́ni tó ṣìnà rí nídìí àtẹ ẹ̀.

Lálẹ́, èéfín igi ìdáná kó sọ́mọ náà lójú. Bàbá wò ó, ó ní, "Ojú ẹ mà ti pọ́n o."

Ó fọwọ́ bojú kíá. "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká a o!"