Ìró tó fi bò ó

Òru àná, ní nǹkan bí aago 3, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi ní ọsibítù kan n'Íbàdàn. Ìyá àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì kò ní ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀. Ó ti yàgbẹ́ sára, ojú ń tì í, ó kọjú sí ògiri.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù ló rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ o! Ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó kúnlẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún ara ṣe." Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń nù ún, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó wá mú ìró tirẹ̀ nínú báàgì, ó fi bò ó. Mo na owó sí i, ó ní kí n fi ra oúnjẹ, pé èmi náà ò tíì jẹun.

Mo rántí Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn Ebola jáde nílé ìwòsàn l'Ékòó lọ́dún 2014, tí òun àti àwọn kan lára òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì bá àrùn náà lọ. A mọ orúkọ tirẹ̀. Ti obìnrin yìí, mi ò rántí béèrè.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti lọ. Ìyá àgbà ṣì di etí ìró yẹn mú.